Lékeléke Ìyá Onídìrí

Òórùn méjì ni mo fi ń mọ̀ pé mo ti dé àdúgbò wa ní Muṣin nígbà náà: òórùn ṣúgà tí wọ́n ń sè ní ilé iṣẹ́ bisikíìtì lápá Ìlúpéjú, àti òórùn rọ́bà jíjó láti ọ̀dọ̀ fọkanáísà tó ń lẹ táyà ní ìyànà wa. Bí atẹ́gùn bá gba ti ilé iṣẹ́ wá, ebi á máa pa èèyàn. Bó bá gba ti fọkanáísà wá, omi á bọ́ lójú èèyàn. Láàárín òórùn méjèèjì ni ògiri gígùn kan wà, ẹ̀yìn ilé ìkẹ́rùsí tí wọ́n ti pa tì, tó gùn ju ilé mẹ́fà lọ. Àwa tí ilé wa kọjú sí i kì í tiẹ̀ rí i mọ́. Àwọn ọkùnrin ń tọ̀ sí i lára, àwọn olóṣèlú ń lẹ ojú wọn mọ́ ọn, òjò ń fọ gbogbo rẹ̀ dànù. Lónìí, bí mo bá gbọ́ òórùn pẹ́ńtì tútù níbikíbi, ògiri yẹn ló máa ń wá sí mi lọ́kàn, bẹ́ẹ̀ pẹ́ńtì ni oúnjẹ òòjọ́ mi.

Ìwọ tá a jọ kọ́ṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá kan náà mọ̀ pé ilé ni mo ń kùn, n kò yàwòrán rí. O sì mọ̀ pé mi ò tètè kàwé. Mo ti lé lógójì ọdún kí n tó lè ka orúkọ ara mi lórí ìwé, ìyàwó mi ló sì tì mí lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn àgbà tí wọ́n ń ṣe nírọ̀lẹ́. Ó ní òun ò lè máa bá ọkùnrin tó ń fi àwọ̀ dá agolo mọ̀ gbé títí ayé. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ògiri yìí bẹ̀rẹ̀, ó ti tó oṣù mẹ́jọ tí mo ti sin ín. Jẹjẹrẹ ilé ọmọ ni. Dókítà kọ ọ́ sínú ìwé fún mi, èmi fúnra mi ni mo sì kà á, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Rántí èyí, torí mo ń bọ̀ wá bá a.

Ọmọbìnrin ayàwòrán kan tó kàwé ní Yábàá ló wá bá wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, pé òun fẹ́ ya àwòrán sórí ògiri náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan, gbogbo wa la jọ máa ṣe é. Ohun tó ní lọ́kàn rọrùn. Ó máa ya àdúgbò wa bó ṣe rí, ilé kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú páànù rẹ̀ tó ti dógùn-ún, àwọn òpó iná, gọ́tà, ọkọ̀ tó ti kú síwájú ṣọ́ọ̀bù. Ṣùgbọ́n ojú títì á di odò, wáyà iná á di ìtàkùn tó ń rúwé, àwọn òpó á ta gbòǹgbò. Lórí òrùlé ilé kọ̀ọ̀kan, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ á mú ohun ẹlẹ́mìí kan tí wọ́n rántí láti ìlú wọn, ewéko tàbí ẹranko, wọn á fi síbẹ̀. Òun á fa ilà, àwa á kun àwọ̀ sí i. Nítorí pé pẹ́ńtà ni mí, ọwọ́ mi ni gbogbo pẹ́ńtì wà.

A jókòó lábẹ́ igi fúrúùtù lọ́jọ́ Àìkú kan láti mú tiwa. Ilé àáfà mú àgbò. Fọkanáísà ní, "Ẹ gbé e sókè dáadáa o, kí Iléyá má bàa bá a nílẹ̀." Òun alára mú alángbá, ó ní nínú gbogbo àwọn tí òun ń bá gbé yàrá, alángbá nìkan ni kò bá òun jà rí. Ìdílé kan láti Ìjẹ̀bú mú ọ̀pẹ. Nígbà tó kàn mí, mo ní ewúro, torí ìyàwó mi gbin ewúro sínú bàsíà fífọ́ kan lẹ́yìnkùlé wa, ó sì ṣì ń hù. Kò sẹ́ni tó dápàárá sí tèmi. Ilẹ̀ ni wọ́n ń wò.

Ó wá kan Ìyá Onídìrí. Ó lé ní àádọ́rin ọdún, ó ń dá gbé yàrá kan ní ilé kẹta, ó sì ń fi òwú dúdú dirun fún àwọn obìnrin lórí àpótí níwájú ilé. Kò bímọ. Ọkọ rẹ̀ ti kú tipẹ́. Arúgbó tó dá wà, tí kò ní ọmọ tí yóò gbèjà rẹ̀, tí irun orí gbogbo obìnrin àdúgbò sì ń bọ́ sí lọ́wọ́, o mọ orúkọ tí wọ́n máa ń fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Wọn kì í pè é sókè. Ṣùgbọ́n bí ó bá dirun fún wọn tán, wọ́n máa ń ṣa gbogbo irun tó bọ́ sílẹ̀, ẹyọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n á dì í mọ́ etí ìró lọ sílé. Ó máa ń bá wọn ṣà á. Òun ló dirun fún ìyàwó mi títí dé ọ̀sẹ̀ tó kú, nígbà tí òórùn àìsàn ti lé àwọn ẹlòmíràn sá.

"Lékeléke ni kẹ́ ẹ yà fún mi," ni ó wí. "Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bí wọ́n bá ti ń fò kọjá, a máa ń na ọwọ́ sí wọn pé kí wọ́n fún wa ní funfun sí èékánná. Wọ́n fún mi o. Ẹ wò ó." Ó na ọwọ́ rẹ̀ jáde. Lóòótọ́, àmì funfun wẹ́wẹ́ wà lára èékánná méjì.

"Ẹyẹ kẹ̀?" ni fọkanáísà wí. "Màmá, nínú gbogbo ohun tí Ọlọ́run dá, ẹyẹ lẹ wá rí mú?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín. "Funfun ni mo wí o," ni ó dá a lóhùn. "Ẹ má gbàgbé. Funfun."

Ọmọbìnrin yẹn ní ọ̀nà tó ń gbà ṣiṣẹ́. Yóò kọ́kọ́ fi dúdú kun gbogbo ara ẹranko náà látòkè délẹ̀, kó tó fi àwọ̀ rẹ̀ gan-an lé e, ó ní ìyẹn ni kì í jẹ́ kí àwọ̀ rí bíi tàwọn ọmọdé. Àwọ̀ àwọn yòókù, ó po wọ́n wá láti ilé. Funfun nìkan ló gbé fún mi ní odindi bọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá, ojúlówó pẹ́ńtì ìta gbangba. "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bu omi sí i," ni ó sọ fún mi. "Ẹ kùn ún lẹ́ẹ̀mejì, kó nípọn, torí dúdú ló wà nísàlẹ̀." Mo ní mo gbọ́.

Mo gbọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni mo fẹ́ lọ sílé ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà láti wo sàréè ìyàwó mi. Símẹ́ńtì lásán ni wọ́n fi bò ó, ó sì ti ń hu èéhù. Pẹ́ńtì dáadáa bíi èyí kò di tèmi rí ní gbogbo ọdún tí mo fi ń kun ilé olówó. Mo da ìdajì rẹ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì, mo fi omi kún bọ́kẹ́ẹ̀tì náà padà dé ojú àmì. O mọ ohun tí ọ̀gá wa máa ń sọ, pé bọ́kẹ́ẹ̀tì tó bá kún kò ní ẹlẹ́rìí. Mo wọ mọ́tò ní Jíbówú, kẹ́ẹ̀gì náà wà láàárín ẹsẹ̀ mi títí dé ilé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kun sàréè náà. Nígbà tó gbẹ, ó ń tàn bíi abọ́ tuntun. Mo jókòó tì í títí oòrùn fi wọ̀, mo sì sọ fún un pé mo ti lè kọ orúkọ mi láìwo ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí mo padà, mo fi ohun tó kù nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì náà kun lékeléke Ìyá Onídìrí àti àwọn ìkùukùu tó wà lójú sánmà. Ó ṣàn bí omi ògì. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo kùn ún. Láti ọ̀ọ́kán, ó funfun. Ìyá Onídìrí gbé àpótí rẹ̀ sọdá títì wá jókòó wò mí níbi tí mo ti ń kùn ún, ó mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun wá fún mi nínú abọ́. "Ọrùn rẹ̀ gùn dáadáa," ni ó ń wí. "Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọrùn wọn ṣe gùn." Lọ́jọ́ tí a parí, ọmọbìnrin náà ní kí oníkálukú kọ orúkọ rẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Mo kọ tèmi fúnra mi, mo fi àmì ohùn sórí rẹ̀. Ọmọbìnrin náà fi kún un lábẹ́ pé èmi ni pẹ́ńtà. Ó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa kun ògiri tí orúkọ mi á wà lára rẹ̀. Àwọn èèyàn wá láti Ìlúpéjú àti Ládìpọ̀ wá ya fọ́tò níbẹ̀, kò sì sí ọkùnrin tó tún tọ̀ síbẹ̀ mọ́.

Òjò ńlá àkọ́kọ́ rọ̀ ní ìparí oṣù kẹta. Ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ilé ìkẹ́rùsí náà ti já níbì kan, orí ilé kẹta inú àwòrán wa gan-an ló ń dà sí. Nígbà tí mo jí, mo gbọ́ ariwo. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti dúró síwájú ògiri náà, ẹsẹ̀ wọn wà nínú omi. Àgbò àáfà wà bó ṣe wà. Alángbá wà. Ọ̀pẹ tutù yọ̀yọ̀. Ìkùukùu ti ṣí, ṣùgbọ́n ojú sánmà ló wà nísàlẹ̀ wọn, ta ni yóò fẹ̀sùn kan sánmà? Àfi lórí ilé kẹta. Funfun ti ṣàn kúrò lára lékeléke náà, ó ṣe jàgàjàgà sára ògiri bí itọ́ ọmọ ọwọ́, ẹyẹ dúdú kirikiri ló sì dúró sórí òrùlé Ìyá Onídìrí, tó na ọrùn, tó kọjú sí wa.

Fọkanáísà ló kọ́kọ́ fọhùn. "Ó ti bọ́ aṣọ o!" Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ìyá náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde ni, òòyà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Fọkanáísà yíjú sí i. "Màmá, ẹ káàárọ̀ o. Ìpàdé òní mà pẹ́, ẹyẹ yín ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé ni!"

Lọ́tẹ̀ yìí, ìyá náà kò rẹ́rìn-ín. Ó wo ògiri náà pẹ́. Ó wá wá ojú mi láàárín èrò. "Pẹ́ńtà," ni ó wí, ohùn rẹ̀ sì balẹ̀, "ìwọ lo ni iṣẹ́. Ṣé òjò lè ṣe báyìí?"

Gbogbo wọn wò mí. Orúkọ mi wà ní ìsàlẹ̀ ògiri níbẹ̀, pẹ̀lú àmì lórí rẹ̀. Gbólóhùn kan péré ló kù kí n sọ: omi ni mo bù sí i. Mi ò sọ ọ́.

Mo ní, "Mi ò rí irú rẹ̀ rí, Màmá."

Mo ti sọ fún ara mi lọ́pọ̀ ìgbà pé ìtìjú ló pa mí lẹ́nu mọ́. Irọ́ ni. Ìtìjú wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan. Níbi ìsìnkú ìyàwó mi, àbúrò rẹ̀ obìnrin ti rọ̀ mọ́ mi, ó ń bi mí pé ta ló dirun fún ẹ̀gbọ́n òun kẹ́yìn. Mo mọ èsì tó wà nínú ìwé dókítà. Mo ti kà á, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Síbẹ̀, láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, nígbà tí gbogbo ojú wọn ń lọ láti ara ẹyẹ dúdú náà sára arúgbó yẹn, ohun kan dùn nínú mi. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n bá sọ ẹrù kalẹ̀ lórí èèyàn. Ikú ìyàwó mi ti rí ẹni tí wọ́n lè dì í rù. Mo mọ̀ pé kì í ṣe tirẹ̀, mo sì jẹ́ kó gbé e.

Ohun tó tẹ̀ lé e kò ní ariwo nínú. Àwọn obìnrin tí Ìyá Onídìrí ti dirun fún lọ́sẹ̀ náà jókòó síwájú ilé wọn, níbi tó ti lè rí wọn, wọ́n ń tú irun náà. Wọ́n ju òwú náà sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Láràárọ̀ la máa ń rí òwú dúdú tó ká jọ níbẹ̀ bí irun ajá. Ó máa ń ṣà á, á fọ̀ ọ́, á sá a sórí okùn, á ká a padà sára igi. Àwọn tó ní omi kànga ẹ̀rọ ní ẹ̀rọ ti bàjẹ́ nígbà tó bá gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì dé. Bó bá ti kúrò, ẹ̀rọ á dára. Bó bá ń kọjá, fọkanáísà á fi ẹnu ṣe bíi ẹyẹ, àwọn tó ń dúró de táyà wọn á rẹ́rìn-ín. Èmi náà dúró de táyà níbẹ̀ lọ́jọ́ kan. Mi ò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mi ò kúrò.

Ọmọbìnrin ayàwòrán ti lọ ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn nígbà náà. Ẹnì kan fi fọ́tò ránṣẹ́ sí i, ó sì pè mí.

"Dádì, ẹ̀ẹ̀mejì lẹ kun ẹyẹ yẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ ò bu omi sí i?"

"Rárá."

"Ó dáa, sà," ni ó wí. Kò pè mí mọ́.

Nígbà tó di oṣù karùn-ún, ọmọbìnrin onílé wá sọ fún Ìyá Onídìrí pé àwọn fẹ́ tún yàrá rẹ̀ ṣe, kó wá ibòmíràn lọ kí oṣù tó parí. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi gbé yàrá náà. Kò sẹ́ni tó bá a bẹ̀bẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan ní Ìkòròdú ní kó máa bọ̀. Lọ́jọ́ tó ń lọ, kẹ̀kẹ́ Márúwá dúró síwájú ilé, gbogbo ìlẹ̀kùn àdúgbò sì wà ní títì bí ẹni pé òjò ń bọ̀. Èmi ni mo jáde. Mo bá a gbé ẹní, àpótí, sítóòfù, àti àpò òwú kan tó fúyẹ́ bí òfìfo.

Ó di ọwọ́ mi mú. "Ìwọ nìkan lo wá," ni ó wí. "Ìyàwó rẹ sọ ọ́. Ọjọ́ tí mo dirun fún un kẹ́yìn, ó ní, 'Ọkọ mi ò mọ̀rọ̀ọ́ sọ, ṣùgbọ́n kò lè purọ́.'"

Mi ò lè fa ọwọ́ mi kúrò. Èékánná rẹ̀ wà lórí ìka mi, mo rí funfun wẹ́wẹ́ yẹn.

"Bí o bá ráyè," ni ó wí, "bá mi tún ẹyẹ mi kùn."

"Mo gbọ́, Màmá."

Títí dòní, mi ò mọ̀ bóyá ó mọ̀. Nígbà mìíràn, mo máa ń rò pé ó mọ̀, pé torí náà ló ṣe sọ ọ̀rọ̀ ìyàwó mi fún mi, bí ẹni fi abẹ́ lé èèyàn lọ́wọ́ pé kó mú un dání. Nígbà mìíràn, mo rò pé kò mọ nǹkan kan, pé ó gbà mí gbọ́ ni. Èyí kejì ló burú jù.

Pẹ́ńtì díẹ̀ ṣẹ́ kù nínú kẹ́ẹ̀gì tí mo gbé lọ sílé, mo sì ti gbé e padà wá sí Èkó. Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, nígbà tí àdúgbò ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo gbé àkàbà síbi ògiri, mo fọ ara ẹyẹ náà, mo jẹ́ kó gbẹ, mo kùn ún lẹ́ẹ̀mẹta. Mi ò fi omi kan án. Nígbà tí wọ́n padà dé, mo ṣì wà lórí àkàbà. Fọkanáísà dúró, ó ká ọwọ́ lérí.

"Ẹ wá wò ó!" ni ó kígbe. "Ó lọ tán, funfun gbà! Nígbà tó wà níbí, ó kọ̀ láti gbà lára rẹ̀. Ó ti lọ báyìí, ẹ wò ó bó ṣe ń tàn!"

Mo sọ̀ kalẹ̀. Mo sọ ọ́ nígbà náà, níwájú gbogbo wọn, búrọ́ọ̀ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo ní èmi ni mo bu omi sí tàkọ́kọ́. Mo ní mo jí ìdajì pẹ́ńtì náà, mo fi kun sàréè ìyàwó mi, òjò ló sì fọ omi dànù, kò sí ohun mìíràn níbẹ̀.

Wọ́n wo ara wọn. Fọkanáísà fi ọwọ́ lé mi léjìká, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀. "Ẹ̀gbọ́n Pẹ́ńtà," ni ó wí, "àánú ti pọ̀ jù lójú yín. Obìnrin tó pa yín níyàwó, ẹ tún fẹ́ bá a ru ẹ̀bi." Àwọn obìnrin ní kí Ọlọ́run bù kún mi. Ọ̀kan nínú wọn gbé oúnjẹ wá fún mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Ìkòròdú kò jìnnà. Mo mọ ibi tí wọ́n ti ń wọ mọ́tò ibẹ̀. Mi ò lọ. Ọdún kejì la gbọ́ pé ó kú, fọkanáísà sì ní àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ á ti mọ̀ ṣáájú wa.

Mo máa ń rò tẹ́lẹ̀ pé òótọ́ kì í bàjẹ́, pé ìgbàkígbà tí èèyàn bá sọ ọ́ ló máa wúlò. Àmọ́ tèmi, èmi nìkan ló kù tó lè wúlò fún nígbà tí mo fi sọ ọ́, kò sì tiẹ̀ wúlò fún èmi náà. Òjò ọdún mẹ́rin ti rọ̀ sórí ògiri yẹn báyìí. Àgbò ti ń ṣí ní ẹsẹ̀, alángbá kò ní ìrù mọ́, ewúro mi ti di àbàwọ́n kan lásán, orúkọ mi sì ti parẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ tí òjò bá rọ̀ mọ́jú, mo máa ń jáde lọ wo òrùlé ilé kẹta, bóyá dúdú á yọ, bóyá màá lè tọ́ka sí i pé ẹ wò ó, òjò ni, kò sí ẹlòmíràn níbí ju òjò lọ. Kì í yọ. Ojúlówó pẹ́ńtì ni.